Pírámárì 4 ni wọ́n fà lé mi lọ́wọ́ lọ́dún yìí: ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ẹ̀kọ́, iṣẹ́ àṣetiléwá àti eré àwọn ọmọ

Olùkọ́Gbẹ̀dẹ̀

Ọ̀kún o, gbogbo ilé. Ẹ kú ìsinmi, ẹ sì kú ìmúra ìwọlé oṣù kẹsàn-án.

Agbègbè Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kogi ni mo ti ń ṣe olùkọ́. Pírámárì 1 ni mo ti ń kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti gbà mí síṣẹ́, àmọ́ ọ̀gá wa ti pè mí báyìí pé Pírámárì 4 ni tèmi lọ́dún tó ń bọ̀ yìí. Ọmọ mẹ́rìnlélógójì, yàrá kan, bọ́ọ̀dù kan. Mo lọ bá àǹtí tó kọ́ wọn ní Pírámárì 3, ó ní àwọn bíi mẹ́wàá lè ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì geere, àwọn tó pọ̀ jù ń há a sórí, àwọn kan kò sì tíì lè ka ọ̀rọ̀ onílẹ́tà mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ Pírámárì 4 yìí gan-an ni iṣẹ́ ti ń pọ̀ sí i, tí Gẹ̀ẹ́sì sì ń gba ipò èdè wa nínú kíláàsì.

Iṣẹ́ àṣetiléwá ló kọ́kọ́ ń kọ mí lóminú. Wọ́n ní bí wọ́n bá fún wọn níṣẹ́, ìwé àwọn kan á padà wá lófìfo, tàwọn mìíràn á dé pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé àgbà. Ọ̀rọ̀ kajú tún wà níbẹ̀. Bó bá ti di oṣù kejì sí oṣù kẹrin, ìdajì kíláàsì ló máa ń wà lóko, ìdánwò táàmù kejì sì ń bọ̀ ní tirẹ̀. Mo tún fẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe nǹkan tí wọn ò ní gbàgbé lọ́dún yìí, ìbáà ṣe ìrìn àjò, eré tàbí iṣẹ́ ọwọ́, láìjẹ́ pé mò ń bu owó lé òbí lórí ní gbogbo ìgbà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́ Pírámárì 4 rí, àti ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi.

ÌyáEjìrẹ́_Kábà

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Òbí lèmi, ẹja gbígbẹ ni mò ń tà lọ́jà Kábà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín iṣẹ́ àṣetiléwá kù. Kí n tó ti ọjà dé, ilẹ̀ ti ṣú. Iná kò sí, tọ́ọ̀ṣì fóònù la fi ń wo ìwé. Ọmọ ti pọnmi, ó ti fọ abọ́, ó ti ń tòògbé. Ìgbà yẹn ni yóò wá fa ìwé mẹ́ta yọ nínú báàgì, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́wàá. Kò sí bó ṣe máa ṣe é tán láìjẹ́ pé àgbà bá a kọ ọ́.

Èyí tó burú jù ni tàwọn iṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n ní kí ọmọ fi páálí kọ́ ilé wá, kó ní fèrèsé, kó ní ilẹ̀kùn tó ń ṣí. Ọ̀dọ̀ káfíńtà ni gbogbo òbí àdúgbò wa gbà lọ. Káfíńtà ló ṣe é, àwa la sanwó, ọmọ ò kọ́ nǹkan kan níbẹ̀.

Ọ̀gá_Mọ̀pà

Ọmọ mi, o kú oríire kíláàsì tuntun. Mọ̀pà àti àwọn abúlé tó yí i ká ni mo ti ṣe iṣẹ́ yìí títí mo fi fẹ̀yìn tì, Pírámárì 4 ni mo sì fẹ́ràn jù láti kọ́. Ọmọ ibẹ̀ ti dàgbà tó láti ronú, kò sì tíì máa tijú láti béèrè ohun tí kò bá yé e.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, má kọ́ wọn ní nǹkan tuntun kankan. Pè wọ́n wá sídìí tábìlì rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí àwọn yòókù ń ṣe nǹkan mìíràn. Fún ọmọ ní ìpínrọ̀ kúkúrú kan láti inú ìwé Pírámárì 2, kó kà á sókè. Bó bá kà á tán, bi í ní ìbéèrè kan nípa ohun tó kà, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń ka ìwé lẹ́nu lásán. Bí kò bá lè kà á, fi gbólóhùn kan hàn án. Bí ìyẹn náà bá le, ọ̀rọ̀ kan. Bí ọ̀rọ̀ kan bá tún kọ̀, lẹ́tà. Kọ ibi tí kálukú dé sílẹ̀ sínú ìwé kan tí kò ní kúrò nínú dúrọ́ọ̀ rẹ. Ṣe bákan náà fún ìṣirò.

Lẹ́yìn ìyẹn, ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lójoojúmọ́ tí wàá fi pín wọn gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n dé, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ga tó. Àjọ kan tó ń jẹ́ Pratham ní Íńdíà ló sọ ọ̀nà yìí di olókìkí, ó sì ti dé orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní Áfíríkà. Àwọn tí kò mọ lẹ́tà, ìwọ fúnra rẹ ni kó o jókòó tì wọ́n. Má fi wọ́n sọ́wọ́ ọmọ tó mọ̀wé. Àwọn tó ti ń kàwé lè dá kà fúngbà díẹ̀. Má sì fi nọ́mbà pe àwọn ẹgbẹ́ náà. Fi orúkọ òkè àti odò àdúgbò yín pè wọ́n, torí ọmọ máa ń mọ̀ bí wọ́n bá kà á sí ẹni ìkẹyìn.

Ní ti àṣetiléwá, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó, kó má sì ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Iṣẹ́ tí ọmọ ti ṣe irú rẹ̀ ní kíláàsì lọ́jọ́ yẹn ni kó o fún un. Má fún un ní ohun tó jẹ́ pé ilé ló ti máa kọ́kọ́ rí i. Ìbéèrè márùn-ún tí ọmọ dá ṣe sàn ju ogún tí bùrọ̀dá rẹ̀ bá a ṣe lọ. Bí wọ́n bá ń wọlé láàárọ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí kálukú ṣí ìwé rẹ̀, kí o fi bírò pupa sàmì kékeré sí i pé o rí i. Nígbà tí wọ́n bá jókòó tán, ẹ jọ ṣe ìdáhùn rẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù, kí wọ́n fi pẹ́ńsù tún tiwọn ṣe. Bó o bá ní o fẹ́ máa kó ìwé mẹ́rìnlélógójì lọlé lálaalẹ́, kò ní pẹ́ tó máa sú ọ, àwọn ọmọ ló sì máa jìyà rẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́, kíláàsì ni kí wọ́n ti ṣe é lójú rẹ. Ìyá Ejìrẹ́ ti sọ ìdí rẹ̀.

ỌmọẸ̀gbẹ̀_Àbújá

Ẹ má bínú sí mi, mi ò fara mọ́ eléyìí. Ẹ̀gbẹ̀ ni mo ti ka pírámárì, Àbújá ni mò ń gbé báyìí, ọmọ mi àkọ́bí náà sì ń wọ Pírámárì 4. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fún un níṣẹ́, títí kan òpin ọ̀sẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá dé Pírámárì 6, òun àti ọmọ Gbẹ̀dẹ̀ yóò jókòó síwájú ìbéèrè kan náà, ìyẹn ìdánwò àṣewọlé sí àwọn ilé-ìwé ìjọba àpapọ̀ tí NECO ń ṣe. Ìbéèrè yẹn kò ní mọ ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ti ọjà bọ̀ lálẹ́. Ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ wà ní Kábà níbẹ̀, ẹnu ọ̀nà yín ló wà. Ó yẹ kí ọmọ yín pọ̀ níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń dín iṣẹ́ kù torí pé nǹkan le nílé, àǹfààní lẹ̀ ń fi dù wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká fi Yorùbá sílé náà. Ní Pírámárì 4, Gẹ̀ẹ́sì ni kí olùkọ́ máa sọ láti àárọ̀ dọ̀sán, òun ló máa mọ́ wọn lẹ́nu.

TísàBùnú

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mo ta kò yín lórí ti èdè. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní ilé-ìwé St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pírámárì ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn Pírámárì 3, àwọn tó fi Yorùbá kọ́ ọ ló ṣe dáadáa jù, Gẹ̀ẹ́sì wọn náà kò sì rẹ̀yìn. Ohun tí kò yé ọmọ ní èdè ilé rẹ̀, báwo ló ṣe máa yé e ní èdè tó jẹ́ pé kíláàsì nìkan ló ti ń gbọ́ ọ?

Mo mọ̀ pé ìlànà èdè abínibí tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2022, wọ́n ti fagi lé e ní 2025, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni ká máa fi kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá dúró níwájú àwọn ọmọ Bùnú tí mo fẹ́ kọ́ wọn ní ìdá mẹ́rin, iṣu ni mo máa ń gé sí mẹ́rin lójú wọn, èdè Bùnú ni mo sì fi ń sọ ọ́. Ó ń yé wọn.

Ọ̀gá_Mọ̀pà

Tísà, òótọ́ lo sọ, àmọ́ ó kù díẹ̀ tí o kò sọ. Ní Modákẹ́kẹ́, olùkọ́ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dunjú ni wọ́n yàn lọ́tọ̀ láti kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe ìwé Yorùbá fún àwọn iṣẹ́ yòókù. Àǹtí yìí nìkan ló wà nínú kíláàsì rẹ̀, ìwé Gẹ̀ẹ́sì ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí: mo máa ń ṣàlàyé ní èdè ilé títí tó fi yé wọn, àwọn náà á fi èdè ilé sọ ọ́ padà fún mi, lẹ́yìn náà ni mo máa kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi márùn-ún tí ẹ̀kọ́ yẹn nílò sórí bọ́ọ̀dù, wọ́n á sì fi kọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kí agogo tó lù. Lọ́jọ́ kan náà ni o. Bó bá di ọjọ́ kejì, ó ti tutù.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀, o jàre lórí ìdánwò. Ìdánwò kò mọ ilé ẹni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò lè ka ìbéèrè, bí wọ́n bá fún un níṣẹ́ ojoojúmọ́ títí dé Pírámárì 6, kò ní rí ìbéèrè náà kà síbẹ̀. Ìwé kíkà ni kó kọ́kọ́ dúró dáadáa.

TísàBùnú

Mo gbà, Ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìṣirò kún un fún àǹtí wa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Pírámárì 4 ti ń ṣubú. Ẹ kọ 302 yọ 147 sórí bọ́ọ̀dù lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ ló máa kọ 245. Wọn ò ya ọ̀lẹ. Èyí tó kéré ni wọ́n ń yọ kúrò nínú èyí tó tóbi níbi gbogbo, ìbáà wà lókè, ìbáà wà nísàlẹ̀.

Ẹ ní kí kálukú mú igi ìgbálẹ̀ wá láti ilé. Kí wọ́n ka mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí wọ́n fi òwú dì í. Mẹ́wàá nínú ìdì wọ̀nyẹn, ẹ tún dì í pa pọ̀, ó di ọgọ́rùn-ún. Ẹ wá gbé ìdì ọgọ́rùn-ún mẹ́ta àti igi méjì sórí tábìlì, kí ẹ ní kí ọmọ kan wá mú 147 kúrò níbẹ̀. Yóò nawọ́ sí igi méje, yóò rí i pé méjì péré ló wà nílẹ̀, ìdì mẹ́wàá-mẹ́wàá kò sì sí. Ẹ má sọ fún un. Ẹ jẹ́ kó wò ó. Òun fúnra rẹ̀ ló máa tú ìdì ọgọ́rùn-ún kan, tó máa tún tú ìdì mẹ́wàá kan lára rẹ̀. Bó bá kà á tán, 155 ló máa kù, kò sì ní gbàgbé ibi tó ti yá a.

Bó bá yá, ẹ mú wọn lọ sóko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìwé. Ogún ebè ní poro kan, poro mẹ́wàá, igba ebè nìyẹn. Gbogbo bàbá tó wà lábúlé ló mọ ìṣirò yẹn. Ọmọ á délé, á bi bàbá rẹ̀ pé igba mélòó ló kọ lọ́dún yìí.

Olùkọ́Gbẹ̀dẹ̀

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kajú wá ńkọ́? Àwọn kan nílé-ìwé ní ṣe ni kí n máa na àwọn tó bá pa ilé-ìwé jẹ. Ọkàn mi kò gbà á.

Àgbẹ̀_Ìsánlú

Mo ní oko kajú lẹ́yìn Ìsánlú, ọmọ mi mẹ́ta ló sì wà ní pírámárì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Kajú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá ti já bọ́, ó yẹ kí wọ́n tètè ṣà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òjò á bà á jẹ́ tàbí kí olè kó o. Ọwọ́ ọmọdé ló yá jù níbi ká ṣà á, ká sì fọwọ́ lọ́ hóró kúrò lára èso. Owó yìí náà la fi ń ra yunifọ́ọ̀mù, òun la fi ń san owó ẹ̀gbọ́n wọn ní sẹ́kọ́ńdìrì. Bẹ́ ẹ bá na ọmọ, kì í ṣe òun ló rán ara rẹ̀ lọ sóko.

Ẹ pe àwa òbí ní oṣù kìíní kí kajú tó bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ẹ ní kí ọmọ máa wá láàárọ̀, kó ṣe iṣẹ́ tó le jù, ìyẹn ìwé kíkà àti ìṣirò, kó tó di ìsinmi ọ̀sán. Ìrọ̀lẹ́ ni kó máa ṣà kajú. Nílé tèmi, bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn, kajú wa ò sì bà jẹ́. Àwọn kan ò ní gbà fún yín, pàápàá àwọn tí oko wọn jìnnà tí wọ́n ń sùn ní àbà. Fún àwọn yẹn, ẹ fún ọmọ ní ìwé ìtàn kan mú lọ, kó padà wá sọ ohun tó wà níbẹ̀.

Kí ẹ sì jọ̀wọ́ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ka ojú ìwọ̀n. Mo rí ọmọ Pírámárì 5 tó gbé àpò kajú lọ bá oníṣòwò. Abẹ́rẹ́ ìwọ̀n dúró lójú rẹ̀, kò mọ ohun tó ń sọ. Iye tí oníṣòwò pè ni wọ́n gbà nílé. Ẹ kọ́ wọn kí wọ́n mọ̀ pé mọ́dù, ìyẹn abọ́ ìwọ̀n ọjà, yàtọ̀ sí kílò, kí wọ́n sì lè fi iye owó kílò kan sọ kílò mẹ́tàdínlógún di púpọ̀ láìlo fóònù.

ÌyáEjìrẹ́_Kábà

Bàbá Ìsánlú, ẹ ṣeun, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan kù níbẹ̀. Bí kajú bá parí, àwọn ọmọkùnrin á padà síléèwé. Ọmọbìnrin ló máa ń kù sí ìdí gaàrí pẹ̀lú ìyá rẹ̀, á ní òun á padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, táàmù á parí. Àǹtí, bí ẹ bá ń pe rẹ́jísítà, ẹ ṣọ́ orúkọ àwọn ọmọbìnrin dáadáa. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ọ̀kan ò wá lọ́sẹ̀ kan, ẹ rán ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sílé wọn.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀gbẹ̀

Lórí kajú yìí náà: òróró tó wà nínú èèpo hóró rẹ̀ máa ń jó ara. Ọmọ tó bá fi eyín fọ́ ọ, ètè rẹ̀ á wú, á sì lé ròrò. Èéfín rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń yan án kò dára fún ojú. Bí àǹtí bá fẹ́ fi hóró kajú ṣe ìṣirò, kó jẹ́ èyí tó gbẹ dáadáa tí èèpo rẹ̀ kò là, kí wọ́n fọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má yan án nílé-ìwé.

Kí ẹ tó pe ọmọ kan ní ẹni tí kò mọ̀wé, ẹ kọ́kọ́ mú un wá síwájú bọ́ọ̀dù. Mo ti rí èyí tí wọ́n ń pè ní olódo tó jẹ́ pé ojú rẹ̀ ni kò ríran jìnnà. Ẹ bi í bóyá ó jẹun kó tó jáde nílé. Ní táàmù kẹta tí òjò bá ti ń rọ̀ gan-an, ibà á pọ̀, ẹ má sì fi ìyẹn jẹ ọmọ níyà.

ÌyáÀgbà_Ọ̀gìdì

Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. Ẹ kú ọ̀rọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Àwọn ọmọ ọmọ mi tó wà lọ́dọ̀ mi, Èkó ni àwọn òbí wọn wà. Èmi ò kàwé. Bí wọ́n bá mú iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì wá, wíwò lásán ni mò ń wò ó, ó sì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kan wà tó ní kí wọ́n lọ bi àgbà ilé wọn bí wọ́n ṣe ń ran òwú àti bí wọ́n ṣe ń hun aṣọ. Ọmọ gbé àpótí, ó jókòó tì mí pẹ̀lú pẹ́ńsù. Mo ran òwú lójú rẹ̀, mo sì ń sọ ọ́. Ó ní, "Màmá, ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́." Mo dúró. Ó ní kí n tún un ran. Gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé wá láti ilé-ìwé, òun nìkan ni mo bá wọn dá sí.

Irú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa fún wọn. Kí wọ́n wá béèrè oríkì ilé wọn. Kí wọ́n béèrè orúkọ iṣu tí à ń gbìn, oṣù tí à ń gbìn ín, oṣù tí à ń wà á. Kí wọ́n ní ká pa àlọ́ kan fún àwọn. Àwa tí kò mọ̀wé ò ní lé wọn.

ỌmọẸ̀gbẹ̀_Àbújá

Màmá, ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ìyá tó bí ìyá mi ló tọ́ mi, ó sì máa ń jókòó tì mí bẹ́ẹ̀ náà.

Mo gbà pé kí wọ́n fún wọn nírú iṣẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n kí ọmọ padà wá sí kíláàsì kó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ohun tí ìyá àgbà sọ, bó bá ṣe gbólóhùn mẹ́ta péré. Lórí iye ọjọ́, mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi níbì kan: kíkọ lè jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n kíkà gbọ́dọ̀ jẹ́ ojoojúmọ́. Ojú ìwé kan, kó kà á sókè fún ẹnikẹ́ni tó bá wà nílé, bí ẹni náà ò tilẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Páálí ìwé ìtàn tí ọmọ mi ti kà tán wà nílé mi níbí. Bí mo bá ń bọ̀ wálé lóṣù Kejìlá, mo máa gbé e wá fún kíláàsì yẹn.

Ọ̀gá_Mọ̀pà

Mo gbà fún ọ lórí èyí, ọmọ Ẹ̀gbẹ̀. Kíkà ojoojúmọ́. Kí àǹtí kọ orúkọ ìwé àti ọmọ tó yá a sínú ìwé kan, kí ọmọ méjì máa bójú tó o, kí ìwé má bàa sọnù.

Ọ̀wọ̀rọ̀_Lọ́kọ́jà

Ẹ kú ìjíròrò. Ní ti ìrìn àjò, ẹ mú wọn wá sí Lọ́kọ́jà. Kí wọ́n gun òkè Patti, níbi tí wọ́n ti sọ orílẹ̀-èdè wa ní Nàìjíríà, kí wọ́n wo ibi tí Odò Ọya àti Odò Benue ti pàdé. Láti orí òkè lèèyàn ti ń rí odò méjèèjì. Ilé-ìwé Holy Trinity tún wà níbẹ̀, tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Iṣẹ́ ìjọ tó dá sílẹ̀ ní Lọ́kọ́jà ti wà láti 1865. Ọmọ tó bá ti rí odò méjèèjì kì í tún há a sórí mọ́.

TísàBùnú

Ó dára púpọ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká tún ibì kan ṣe kó tó dé etí àwọn ọmọ. Inú ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù ni akọ̀ròyìn tó ń jẹ́ Flora Shaw ti dábàá orúkọ Nàìjíríà, ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní 1897. Ọdún 1902 ni òun àti Lugard, òyìnbó tó ṣàkóso Àríwá Nàìjíríà, ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Ìtàn orí òkè Patti dùn létí, ṣùgbọ́n ohun tó wà lákọsílẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi kọ́ wọn. Ẹ kàn sọ fún wọn pé Lugard gbé ní Lọ́kọ́jà, òótọ́ nìyẹn.

ÌyáEjìrẹ́_Kábà

Lọ́kọ́jà jìnnà, ojú ọ̀nà náà ò sì fọkàn balẹ̀ lásìkò yìí láti kó ọmọ kékeré gbà á. Èmi ò ní fọwọ́ sí ti ọmọ mi. Owó ọkọ̀ tún ńkọ́?

Àgbẹ̀_Ìsánlú

Mo wà lẹ́yìn Ìyá Ejìrẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró di Pírámárì 6.

Nǹkan tí wọ́n lè wò nítòsí pọ̀. Ìdí ẹ̀rọ gaàrí: kí wọ́n tẹ̀ lé ẹ̀gẹ́ láti bíbó dé yíyan, kí wọ́n wọn ẹ̀gẹ́ tútù kó tó wọ ẹ̀rọ, kí wọ́n tún wọn gaàrí tó jáde, kí wọ́n kọ ìyàtọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ti parí síbẹ̀. Láàfin ọba, ẹ lọ tọrọ àyè kí àwọn ìjòyè sọ bí wọ́n ṣe tẹ ìlú dó.

ÌyáÀgbà_Ọ̀gìdì

Ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín kò jìnnà sí Gbẹ̀dẹ̀. Nike Davies-Okundaye, ọmọ Ọ̀gìdì ni, ilé iṣẹ́ ọnà tó dá sílẹ̀ wà nílùú yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe àdìrẹ àti bí wọ́n ṣe ń hunṣọ. Ẹ kọ́kọ́ wá béèrè lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ tó kó ọmọ wá o.

Olùkọ́Gbẹ̀dẹ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo dúpẹ́ gidigidi. Ibi tí mo bá a dé nìyí.

Táàmù kìíní ni mo máa fi ṣe iṣẹ́ tó wúwo jù, torí àwọn ọmọ máa pé. Màá yẹ ìwé kíkà wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, màá sì ya wákàtí kan sọ́tọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ lójoojúmọ́. Igi ìgbálẹ̀ ni a máa fi bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Bí kajú bá dé, ìwé kíkà àti ìṣirò ló máa ṣíwájú láàárọ̀, màá sì wá ìwọ̀n yá lọ́wọ́ oníṣòwò. Ọ̀gìdì àti ìdí ẹ̀rọ gaàrí di táàmù kẹta, kó tó di pé òjò pọ̀ jù. Ọjọ́ àwọn ọmọdé, 27 oṣù karùn-ún, kálukú á pa àlọ́ tó gbọ́ nílé. Kíkọ ọjọ́ mẹ́ta, kíkà ojoojúmọ́, iṣẹ́ ọwọ́ ní kíláàsì.

Ohun méjì ló kù. Ìdíje eré ìje ti ilé-ìwé wa bọ́ sí oṣù kejì, ìfidánrawò rẹ̀ sì máa ń gba ọ̀sẹ̀ tó pọ̀. Kí ni kí n ṣe sí i? Báwo ni mo ṣe máa jẹ́ kí òbí mọ ibi tí ọmọ dé láìdúró de káàdì ìparí táàmù?

Ọ̀gá_Mọ̀pà

Eré ìje, má dá a dúró. Ọmọ tí kò mọ̀wé dáadáa tó sì ń gba ipò kìíní nínú eré, ọjọ́ yẹn ni orí rẹ̀ máa wú láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, wàá rí i pé á gbìyànjú ní kíláàsì lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bẹ ọ̀gá yín kí ìfidánrawò jẹ́ lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán, kó má kan àárọ̀. Kí wọ́n fi ọ̀pá ìwọ̀n wọn ibi tí wọ́n fò dé, kí wọ́n kọ ọ́ ní mítà àti sẹ̀ntímítà. Ìṣirò náà ni.

Ní ti òbí, ní ìparí táàmù kọ̀ọ̀kan, tún ìdánwò ìwé kíkà ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn ṣe, pẹ̀lú ìpínrọ̀ mìíràn. Pe òbí wá, jẹ́ kí ọmọ ka ìwé fún un lójú rẹ. Òbí tí kò mọ̀wé pàápàá máa ń mọ̀ bí ọmọ rẹ̀ bá ń kà á láìdúró. Máàkì lórí káàdì kò lè sọ èyí fún un.

TísàBùnú

Àǹtí, bẹ́ ẹ bá ti ṣe ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ yẹn tán, ẹ padà wá sọ iye tó wà ní ìdí lẹ́tà, ká jọ wo bá a ṣe máa pín wọn. Mo ní káàdì lẹ́tà tí mo fi páálí gé, mo lè ya yín ní ìdajì rẹ̀.

ÌyáEjìrẹ́_Kábà

Ẹ ṣáà má fi ìpàdé òbí sí ọjọ́ ọjà. Tó bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà, kò sí èyí tó máa wá nínú àwa ìyá. Ẹ fi sí Ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ mìíràn, ẹ sì fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ọmọ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú.